Èéfín Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Wa àti Ohun tí A Rí ní Upper Iweka

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹ̀ka sọ níwájú ìpàdé gbogbogbò ní Kàdúná

 

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé tí ó kọjá, àwọn kan nínú yín béèrè ìdí tí owó fi ti inú àpótí ẹgbẹ́ jáde lọ sí ọwọ́ ẹni tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Alága pàṣẹ pé kí àwa akọ̀wé wá ro ẹjọ́ náà láti orí dé ìdí. Ẹjọ́ náà gùn díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ mọ́tò wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ èéfín wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwa fúnra wa sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé mẹ́fà ni a kà. Àwo àti ike ni a ń tà ní ọjà, a kì í ṣe mẹkáníìkì. Bí a bá ṣi ohun kan sọ nípa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ náà dá wa dúró. A kò ní bínú.

Gbogbo yín ni ẹ mọ Síẹ́nà ẹgbẹ́. Òun ni ó ń gbé aláìsàn wa lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Òun ni ó ń gbé àwọn àgbà lọ sílé bí ìnáwó bá ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀fà tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí kò bá sí èyí, a ń yá a fún àwọn oníṣòwò, owó tí ó ń mú wá ni a sì fi ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tí bàbá wọn ti kú. Ọkùnrin kan ni ó ti ń wà á láti ọjọ́ tí a ti rà á. Ó ní kí a má ṣe dárúkọ òun nínú ìwé ẹgbẹ́, nítorí náà a ó máa pè é ní dẹ́rẹ́bà wa. Ẹ mọ ẹni tí à ń wí.

Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo pẹtiróòlù. Epo tí à ń rà ní nǹkan bí 200 náírà lítà kan, kí oṣù Keje ọdún náà tó parí ó ti lé ní 600. Ẹ kò nílò kí a máa sọ fún yín bí ó ti dùn wá tó. Láti ìgbà náà ni ojú wa ti là rekete sí ìwé owó epo, àwa sì ni à ń kọ ìwé náà. Tẹ́lẹ̀ rí, láti ibí dé Àbújá, nǹkan bí lítà 20 ni ọkọ̀ náà ń mu. Nígbà tí a wo ìwé náà dáadáa, ó ti di 26, ìgbà mìíràn 27. Ohun tí ó sì mú kí ara fu wá jù ni pé nínú ìgboro níbí, níbi tí ojú wa tó, epo náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti jáde sí ọ̀nà jíjìn, tí kò sí ẹni tí ń wò ó, ibẹ̀ ni epo ti ń pòórá.

Kí ni ọmọ ènìyàn yóò rò? Ohun tí a rò náà ni ẹ̀yin náà ń rò lórí ìjókòó yín báyìí. A sọ pé dẹ́rẹ́bà ń fa epo tà lọ́nà. A gé 8,000 náírà kúrò nínú owó oṣù rẹ̀, oṣù mẹ́ta gbáko, ó di 24,000. Epo kò dín kù. Ní oṣù Kejìlá, ìgbìmọ̀ ní kí a kọ lẹ́tà fún un pé kí ó máa lọ. Ọwọ́ wa yìí ni a fi kọ ọ́, a sì lo gbolohùn kan nínú rẹ̀, “ìwà àìṣòótọ́,” tí ìgbìmọ̀ kò ní kí a lò. Àwa ni a fi kún un.

Ọkùnrin náà ka lẹ́tà tán, ó rọra fi kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì. Ó ní, “Akọ̀wé, ẹ bá mi wo abẹ́rẹ́ ooru iwájú ọkọ̀ yẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tún un ṣe nígbà ooru, kì í gbéra nílẹ̀. Mo ti sọ fún yín rí.” A rò pé àwáwí ni. A ní kí ó máa lọ sílé.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, tí ọyẹ́ mú gan-an, àwa oníṣòwò mẹ́rin yá ọkọ̀ náà láti lọ ra ọjà ní Onitsha, dẹ́rẹ́bà tuntun sì wà lórí rẹ̀. Iná kékeré alámì ẹ́ńjìnnì kan ti ń tàn níwájú dẹ́rẹ́bà fún ìgbà díẹ̀. Ẹnì kan ti bá wa pa á lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ń tàn padà. A kọjá Àbújá, a kọjá Lọ́kọ́ja. Ní ìlú kan lójú ọ̀nà, àwọn tí ń yẹ ọkọ̀ wò dá wa dúró, wọ́n mú wa wọ ibùdó wọn. Wọ́n ki ọ̀pá tín-ín-rín kan bọ ẹnu sàlẹ́ńsà, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ kan, wọ́n ní kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ láìtẹ tọ́tù. Ẹ̀rọ náà kọ 3.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀gá wọn mi orí. Ó ní ọkọ̀ wa kò yege, ó gba ìwé ọkọ̀, ó fún wa ní ìwé mìíràn pé kí a lọ tún un ṣe, kí a sì gbé e padà wá kí ọjọ́ méje tó pé. A bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ó yẹ kí a sọ èyí náà.

A bínú lọ́jọ́ náà, a ní wọ́n ń fìyà jẹ ará ìrìnàjò. Ṣùgbọ́n òfin wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń jẹ́ NESREA, tí a dá sílẹ̀ ní 2007, gbé òfin jáde ní 2011 lórí èéfín ọkọ̀ elépo pẹtiróòlù àti ti dísù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó bá ní kátálíìsì lábẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá 0.5 lórí irú ẹ̀rọ yẹn. Tiwa jẹ́ 3.8.

Kí ni ohun tí ẹ̀rọ náà ń wọ̀n? Afẹ́fẹ́ olóró kan ni tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Epo kò lè jó láìsí afẹ́fẹ́. Kílò epo pẹtiróòlù kan fẹ́ nǹkan bíi kílò afẹ́fẹ́ 14.7 kí ó tó lè jóná tán. Bí epo bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, kò ní jóná tán, ìjóná àbọ̀ yìí ni ó ń di oró náà. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí ènìyàn bá fà á símú, ó máa ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ ju bí afẹ́fẹ́ rere tí ó ń gbé wa ró ti ń dì mọ́ ọn. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa àwọn tí ó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, tí wọ́n sùn, tí ilẹ̀ kò mọ́ bá wọn. Oró kan náà ni. Ọkọ̀ tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ bá lu níbi kan, tí ilẹ̀ inú rẹ̀ bá ti jẹrà, tí a sì ká fèrèsé sókè nítorí ọyẹ́, lè pa èrò inú rẹ̀ lójú oorun. Nínú ọkọ̀ wa yẹn ni a sì ti ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn.

A dé Onitsha lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí kò bá tí ì dé Upper Iweka rí, bí a bá ròyìn rẹ̀ fún un, yóò rò pé à ń ṣe àsọdùn. Ọ̀nà tí ń bọ̀ láti Enugu àti Awka, ọ̀nà Owerri, àti èyí tí ń bọ̀ láti orí afárá Odò Ọya, gbogbo wọn ni wọ́n pàdé lágbègbè náà. Ọkọ̀ Èkó, ọkọ̀ Àbújá, ọkọ̀ Jos, ọkọ̀ Kánò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kérò. Ariwo kọndọ́, ariwo kẹ̀kẹ́, ariwo jẹnẹrétọ̀, eruku ọyẹ́ àti èéfín tírélà tí kò mọ ìgbà tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Ojú ń ta wá kí a tó sọ̀kalẹ̀. Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde lórí afẹ́fẹ́ ìlú káàkiri ayé. Nínú ìwé náà, Onitsha ni ó ní eruku kíkúnná jù lọ nínú gbogbo ìlú tí wọ́n kọ sílẹ̀: 594, lórí òṣùwọ̀n tí àjọ náà ní kò yẹ kí ó kọjá 20 nígbà náà. Ọdún 2009 ni wọ́n ti wọn ti Onitsha. Kì í ṣe mọ́tò nìkan ni ó fà á. Eruku ilẹ̀ wà níbẹ̀, ààtàn tí wọ́n ń sun wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀. Kí ẹ má sì máa rẹ́rìn-ín àwọn ará Onitsha o. Kàdúná tiwa yìí wà nínú ìwé kan náà, 423 ni wọ́n kọ síwájú orúkọ wa.

Ọmọkùnrin kan tí ń ta àlòkù ọjà mọ́tò wo ìwé tí wọ́n fún wa, ó ní, “Kátálíìsì yín ni ó bàjẹ́.” Ó dárúkọ iye kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta owó ọjà wa. Èkejì sún mọ́ wa, ó ní kí a má ra nǹkan kan. Òun yóò gé èyí tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ dànù, òun yóò fi páìpù lásán dí i, òun yóò sì tún fún wa lówó lé e. A fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ẹni tí ó bá fún ọ lówó kí ó lè ràn ọ́ lọ́wọ́, ó yẹ kí o bi í pé kí ni ó rí. Ohun tí ó rí ni pé irin olówó iyebíye wà nínú kátálíìsì, platinum, palladium àti rhodium. Iṣẹ́ wọn sì ni láti jó èyí tí ó ṣẹ́kù nínú oró èéfín kí ó tó jáde síta. Ẹni tí ó bá gé e tà kò tún ọkọ̀ ṣe, ó ta apá kan nínú rẹ̀ ni.

Ìyá kan, ọmọ Ọ̀yọ́, tí ń ta àmàlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ni ó gbà wá. Ó gbọ́ tí à ń jiyàn ní Yorùbá, ó sì ké sí wa láti ìdí ìkòkò pé, “Ẹ̀yin bàbá wọ̀nyí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé nǹkan kan lára ọkọ̀ yín o!” Ó ní kí a kọ́kọ́ jẹun, lẹ́yìn náà ó fi ọmọ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ láti mú wa lọ bá ẹnì kan. Ọmọ Ìgbò ni ẹni náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tí ì tó ogójì ọdún, ṣùgbọ́n ìgboro Ìbàdàn ni ó ti kọ́ṣẹ́ wáyà mọ́tò, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju ti àwọn ọmọ wa kan tí a bí sí òkè Ọya níbí lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wa. Ìyẹn nìkan ti jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀.

Kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọkọ̀. Ó bi dẹ́rẹ́bà tuntun pé, “Abẹ́rẹ́ ooru yín, ibo ni ó máa ń dúró sí?”

Dẹ́rẹ́bà fi ọwọ́ sọ̀yà. Ó ní, “Ìsàlẹ̀ pátápátá! Ọkọ̀ yìí kì í gbóná rárá, bó ti wù kí a sáré tó.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, àìsàn rẹ̀ nìyẹn.”

Ẹ gbọ́ bí ó ti ṣe é, nítorí èyí gan-an ni a fi pe ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà. Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ abẹ́ ọkọ̀ níwájú, ó ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ní í sọ. Kóòdù méjì ni ó bá níbẹ̀. Ọ̀kan ni P0420, èyí tí ń sọ pé kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ tó bí ó ti yẹ. Ìyẹn ni gbogbo ayé ń rí tí wọ́n fi ń sọ pé kí a ra kátálíìsì. Èkejì ni P0128, èyí tí ń sọ pé omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó. Ó ní ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń ka ti àkọ́kọ́, wọn kì í ka ti èkejì, nítorí owó kò sí nínú rẹ̀. Ó ní kóòdù dà bí ẹni tí ń sunkún: ó jẹ́ kí o mọ̀ pé nǹkan ń dùn ún, kò tí ì sọ ẹni tí ó nà án.

Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ó tún tan án, ó fi ọwọ́ kan rọ́bà omi tí ó lọ sí rédíétọ̀ àti èyí tí ń bọ̀ láti ibẹ̀. Ó ní kí àwa náà fọwọ́ kàn án. Méjèèjì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ pọ̀, bí omi ìwẹ̀ ọmọ. Ó ní kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí omi inú rédíétọ̀ ṣì wà ní títutù fún ìgbà pípẹ́ kí ooru tó ṣàdédé dé bá a. Ó tú púlọ́ọ̀gì jáde, ó dúdú, ẹ̀mú gbígbẹ ni ó bò ó. Ó fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde, ó ní kí a gbóòórùn rẹ̀: òórùn epo pẹtiróòlù ni. Ó yẹ fílítà afẹ́fẹ́ wò, ó mọ́. Ó wò ó bóyá sàlẹ́ńsà lu níwájú ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá gba ibẹ̀ wọlé, sẹ́ńsọ̀ yóò rò pé epo kò tó, kọ̀ǹpútà yóò sì máa fi epo kún un lásán; kò lu. Ó wo nọ́súlù, kò jò.

Lẹ́yìn èyí ó wa ọkọ̀ náà gba ọ̀nà Awka lọ, àwa jókòó ti í, ojú wa wà lára ẹ̀rọ kékeré náà. Ooru omi tí ó jẹ́ 62 nígbà tí a wà ní ìdúró sọ̀kalẹ̀ sí 54 bí a ti ń sáré. Ó yẹ kí ó lé ní 80. Bí a ṣe ń sáré sí i ni ẹ́ńjìnnì ń tutù sí i. Ibẹ̀ ni ọkàn wa ti kọ́kọ́ lu. Epo tí ń pòórá ní ọ̀nà jíjìn, tí kì í pòórá nínú ìgboro.

Nígbà tí a padà dé, ó tú ibi tí tẹ́mósítáàtì yẹ kí ó wà. Òfìfo ni. Páálí àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ dí. Ó wo fáànù, wọ́n ti so wáyà rẹ̀ mọ́ iná tààrà, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ti tan ọkọ̀ ni fáànù ti ń fẹ́, ooru wà, ooru kò sí.

Ó bi wá pé, “Bàbá, ta ni ó yọ ọ́?”

A kò lè dáhùn. Àwa ni a sanwó fún un. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, nígbà ooru Kàdúná tí ẹ mọ̀, ọkọ̀ náà gbóná lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan tí a pè láti tún un ṣe sọ pé ilẹ̀ Òyìnbó olótùútù ni wọ́n ti ń lo tẹ́mósítáàtì, pé ní ilẹ̀ Hausa ewu lásán ni. Ó yọ ọ́ jù nù, ó so fáànù mọ́ iná tààrà, ọkọ̀ kò sì gbóná mọ́. A yìn ín, a fún un lówó lé owó rẹ̀. Ohun tí ó fa gbígbóná náà gan-an, bí a ti wá mọ̀ ní Upper Iweka, ni ìdérí rédíétọ̀ tí kò dí dáadáa mọ́, tí omi ń gba ibẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wa kábúrétọ̀ rí, ẹ̀yin tí ẹ mọ Peugeot 504 tí wọ́n ń tò pọ̀ níbí ní Kàdúná láti 1975, ẹ rántí ṣóòkì. Láàárọ̀ tí òtútù bá mú, ẹ ó fa ṣóòkì kí epo lè pọ̀, kí ọkọ̀ lè jí; bí ó bá ti gbóná, ẹ ó tì í padà. Ọkọ̀ òde òní kò ní ṣóòkì tí a ń fọwọ́ fà. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe é, ooru omi ni ó sì ń wò kí ó tó mọ ìgbà tí yóò dín epo kù. Tiwa kò gbóná rí. Láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kìíní, kọ̀ǹpútà náà rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, ó ń da epo sí i láti ibí dé Àbújá. Èyí tí ó jóná di èéfín dúdú àti oró, èyí tí kò jóná wọ inú ọ́ìlì. Bí dẹ́rẹ́bà tilẹ̀ jẹ́ ańgẹ́lì, epo yẹn kì bá tó.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ní ibi tí a sùn, a mú ìwé ọkọ̀ jáde nínú àpò. Ojú ìwé tí a kọ owó àtúnṣe oṣù Kẹrin sí wà lápá òsì. Ojú ìwé tí epo Àbújá ti kọ́kọ́ di 26 wà lápá ọ̀tún, ó kọjú sí i gan-an. Ọwọ́ kan náà ni ó kọ méjèèjì. Oṣù mẹ́jọ ni a fi ń ṣí ìwé yẹn, tí a ń ka apá ọ̀tún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a ra tẹ́mósítáàtì tuntun. Owó rẹ̀ kò tó iye tí a jẹ àmàlà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò kàn gbé e wọ ọkọ̀ o. Ó lọ bá Mállàm kan tí ń ta tíì, ó tọrọ kẹ́tùlù omi, ó so nǹkan náà mọ́ òkùn, ó rì í bọ omi lórí iná. Ohun kékeré ni, kò ju ìdérí ìgò ńlá lọ, ó ní sípíríǹgì, ó ní ohun kan bí ìda nínú àárín rẹ̀. Bí omi ti ń sún mọ́ híhó, ìda náà wú, ẹnu rẹ̀ sì rọra là níwájú wa. Ó fà á yọ, ó padé. Mállàm náà ní irú oògùn wo nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, “Èyí dára. Wọ́n ń ta òkú fún ènìyàn ní ọjà yìí.” Ó gbé e wọlé, ó pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀, ó tún wáyà fáànù padà sí bí ilé-iṣẹ́ ti ṣe é, ó pààrọ̀ ọ́ìlì, ó da omi tí a ń lò fún rédíétọ̀ sí i, ó sì jẹ́ kí gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí ó tó dé e. Ìgbà tí ó ṣe gbogbo ìwọ̀nyí tán ni ó tó pa àwọn kóòdù rẹ́. Ó ní bí P0420 bá tún padà wá lẹ́yìn tí a bá ti rìn jìnnà dáadáa, nígbà náà ni kí a tó fura sí kátálíìsì. Kò padà wá.

A wa ọkọ̀ padà dé ibùdó àwọn tí ń yẹ ọkọ̀ wò ní ọjọ́ karùn-ún. Ọ̀pá kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Ó kọ 0.3. Ọ̀gá náà wo nọ́ńbà, ó wo wa, ó ní, “Ẹ ti ra kátálíìsì?” A ní rárá. Ó dá ìwé wa padà. Láti Àbújá wá sílé, epo tí a lò jẹ́ lítà 20 ó lé díẹ̀, ó wà nínú ìwé, ẹnikẹ́ni lè wá wò ó.

Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà, kí ẹ má torí ọ̀rọ̀ yìí lọ máa ra tẹ́mósítáàtì kiri. Èéfín kì í ṣe ọ̀kan. Bí ó bá rí bí búlúù, ọ́ìlì ni ọkọ̀ ń jẹ, ẹ wo ríìngì rẹ̀. Bí ó bá funfun tí ó pọ̀, tí kò sì dá nígbà tí ọkọ̀ ti gbóná, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù, omi ti ń wọ ibi tí kò yẹ kí ó wọ̀. Dúdú ni epo tí ó pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ tí kò tó. Ti ẹ̀yin onítírélà oní-dísù yàtọ̀ díẹ̀: fílítà tí ó ti dí, nọ́súlù tí ó ti jẹ, àti ẹrù àpọ̀jù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó.

Nígbà tí a dé, a lọ bá dẹ́rẹ́bà wa ní gáréèjì Kawo, níbi tí ó ti ń bá wọn kó ẹrù sórí lọ́rì. Alága lọ, Ìyálájé lọ, àwa náà lọ. A dọ̀bálẹ̀ fún un lójú àwọn alábàárù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ju ìgbà kan lọ tí ó sọ pé kí a dìde. A fún un ní 24,000 tí a gé, a sì fi owó oṣù kan lé e. Owó tí ẹ̀ ń béèrè nìyẹn. Ó gba owó náà, ó fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ níwájú wa. Nígbà tí a ní kí ó padà wá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ọmọ òun tí ó wà ní ìwé kẹwàá ka lẹ́tà náà, òun kò sì mọ bí òun yóò ṣe jẹ́ kí ó gbàgbé rẹ̀. Ó ní bí a bá fẹ́ ṣe nǹkan kan fún òun, kí a ka òdì-kejì lẹ́tà náà sókè ní ìpàdé, bí a ti ka ti àkọ́kọ́.

Nítorí náà, pẹ̀lú àṣẹ Alága, a kà á báyìí: Ẹgbẹ́ fagi lé lẹ́tà tí akọ̀wé kọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Dẹ́rẹ́bà kò jí epo. Ọ̀rọ̀ náà, “ìwà àìṣòótọ́,” akọ̀wé ni ó kọ ọ́, kò sì ní ẹ̀rí kan lọ́wọ́. A ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé rẹ̀, a kọ orúkọ ọmọ náà sí ẹ̀yìn àpò ìwé.

Tẹ́mósítáàtì kan tí a rà lé, tí a sì mú bọ̀ láti Onitsha, wà lórí tábìlì akápò. Ìyá oníṣàyì tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ti gbà kí a lo omi gbígbóná rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí ó ti ń là, kí ó dúró lẹ́yìn ìpàdé.